Báwo ni mo ṣe lè mú kí màmá mi tún máa pàlọ́?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín.

Màmá mi wá láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n ń lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa nílùú Ìbàdàn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ mi: àpamọ̀ díẹ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sí àpagbè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀, tí ikùn Ìjàpá fi wú. Wọ́n dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Fóònù ni àwọn ọmọ ń tẹ̀. Èmi gan-an tún ní, "Màmá, ẹ ti pa èyí lánàá." Wọ́n kàn ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, wọn ò pàlọ́ mọ́.

Ó dùn mí gan-an. Àlọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá pa, bí a kò bá dáhùn "Àlọ̀!", ta ni wọ́n fẹ́ pa á fún? Mo ti tọrọ àforíjì, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo gbé fóònù kalẹ̀ láti gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n tún dákẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ pa ọ̀kan, kí n máa bi wọ́n níbi tí mo bá ti gbàgbé? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa padà sílé.