Ìdọ́gba ẹrù kọ́ o, ìpínkárí iṣẹ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá ọpọlọ o. Níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fáwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti ń gbà pé "ìdọ́gba ẹrù" ló yẹ ká máa pe bí aláǹtakùn íntánẹ́ẹ̀tì (crawler, ètò kọ̀ǹpútà tó ń lọ láti sáìtì dé sáìtì kó péèjì jọ) ṣe ń pín iṣẹ́ sórí àwọn ìlà (queue, ibi tí àdírẹ́sì péèjì tò sí) tó fi ń kó péèjì wá. Orúkọ aláǹtakùn yẹn dáa, mi ò bá a jà. Ìdọ́gba yẹn gan-an ni ò bá mi lára mu.

Ṣebí tá a bá ní nǹkan méjì dọ́gba, wọ́n pọ̀ tó ara wọn nìyẹn? Ìlà wọ̀nyí ò lè pọ̀ tó ara wọn láéláé. Nínú Nutch, ọ̀kan lára irú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀, sáìtì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tiẹ̀, tí o ò bá sì fọwọ́ kan sẹ́tíǹgì ẹ̀, á máa sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó tún kan ilẹ̀kùn sáfà (kọ̀ǹpútà tí sáìtì wà lórí ẹ̀) kan náà. Ká ní sáìtì kan ní péèjì 200, èkejì ní 50,000. Ti àkọ́kọ́ ò ní tó ìṣẹ́jú 17 tá á fi tán, ti èkejì á fà á títí á fi kù díẹ̀ kó pé ọjọ́ 3! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, gbogbo ìlà ti gbẹ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, mo fi thread (òṣìṣẹ́ inú ètò náà) kún thread, kò yára sí i rárá, ńṣe làwọn yòókù káwọ́ lẹ́rán tí wọ́n ń wo ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́.

Oògùn ẹ̀ ni generate.max.count, sẹ́tíǹgì Nutch tó ń pinnu iye péèjì tí sáìtì kan lè ní lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní ààlà kankan àfi tó o bá fi sí i. Mo ní kí sáìtì kankan má gbà ju péèjì 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù dúró de ìgbà tó ń bọ̀, báyìí sáìtì tó pọ̀ jù á gbà tó ìṣẹ́jú 42, ó parí. Ṣé ó dọ́gba? Rárá. Àmọ́ ó kárí. Ìdí tí mo fi ní ìpínkárí nìyẹn.

Ẹrù náà ò sì wọ̀ ọ́. Àdírẹ́sì 50,000 ò wúwo, ìdúró ló ń pa wá. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹrù de ìgbà tá a bá dẹrù pa ẹ̀rọ fúnra ẹ̀.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì", ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi, àmọ́ ibòmíì ló ti wúlò: ìṣẹ́jú àáyá 5 yẹn, ká má da sáfà olóhun láàmú. Nínú Mercator, aláǹtakùn tí Heydon àti Najork kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1999, orúkọ sáìtì ló ń pinnu ìlà tí àdírẹ́sì máa bọ́ sí, kí òṣìṣẹ́ méjì má bàa ya bo sáfà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìyẹn. Òun gan-an ló tún ń jẹ́ kí ìlà kan gùn ju èkejì lọ, kí wá ló dé tá a fẹ́ fún àwọn méjèèjì lórúkọ kan?

Ẹni tó ní ká pe ìlà ní "ìtò", ẹ rọra o, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i kẹ́ ẹ wá kà á sókè. Ṣebí "tò sórí ìlà" lẹnu gbogbo wa ti mọ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ìgbà tá a bá fi IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà) pín ìlà dípò orúkọ sáìtì, tí ọgọ́rùn-ún sáìtì tó wà lórí sáfà kan wá ń jìjàdù lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo ń pè wọ́n ní alájọgbé fúngbà díẹ̀ ná, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.