Ọmọ tó ní Tourette: báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún olùkọ́ àti àwọn àgbà agboolé?

Ọmọ Alákétu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin ọdún 9 kan wà ní Kétu níbí, ní Benin, tí yóò wọ CM1 (kíláàsì karùn-ún ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Dókítà ní Kùtọnú ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ "syndrome de Gilles de la Tourette" sínú ìwé rẹ̀, ìyẹn àìsàn tí ara ń já, tí ohùn sì ń jáde, láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣẹ́ léraléra. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í já sí ọ̀tún. Ní báyìí ohùn ti kún un: "hùn! hùn!" bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Dókítà kò kọ oògùn fún un.

Mo ti mọ ohun tí ìwé sọ. Ohun tí mò ń béèrè ni bí a ṣe máa sọ ọ́ fún olùkọ́ kó má lé ọmọ síta, àti fún àwọn àgbà, torí àwọn kan ní ẹnìkan ló ń ṣe é, àwọn kan ní ó ń sín àwọn jẹ ni. Ṣé ohun kan sì wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè ṣe sí orí tó ń já yẹn? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kàn kọ "Olúwa á wò ó sàn" kí ẹ sì máa lọ.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú agboolé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn.

Ẹ má fi "ọpọlọ" ṣí ọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Tí ẹ bá ti dárúkọ ọpọlọ, wèrè ni wọ́n gbọ́. Òsúkè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń na ọmọ torí òsúkè, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ kọ́ ló pè é wá. Ẹ wá fi sísín tẹ̀ lé e, torí òsúkè nìkan kò sọ ọ́ tán. Ẹni tó fẹ́ sín mọ̀ pé ó ń bọ̀, imú á máa rìn ín. Tí ọba bá ń kọjá, ó lè fi ọwọ́ tẹ imú kó dì í mú díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sín náà ni. Bí tíìkì ṣe rí nìyẹn. (Tíìkì ni kí a máa pe ara tó ń já àti ohùn tó ń jáde yìí níbí, bí àwọn dókítà wa ṣe ń pè é.) Nǹkan kan á máa rin ọmọ lọ́rùn tàbí lọ́fun, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ara kò sì ní tù ú títí orí yóò fi já.

Wọ́n á bi yín pé kòkòrò wo ló ń jẹ́ Tourette. Orúkọ èèyàn ni. Georges Gilles de la Tourette, dókítà ará Faransé kan ní Paris, ló kọ ìwé nípa aláìsàn 9 ní 1885, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà. Kò ràn. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà ẹ wo ìran méjèèjì dáadáa: ẹ lè rí bàbá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ jù, tí kò sí ẹni tó kà á sí.

Ibi tí wọ́n ti máa ń dá ọmọ lẹ́bi jù nìyí. Ó jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan ní mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó délé, orí ń já, ọ̀fun ń dún, kò dáwọ́ dúró. Ìyá á ní, "Ṣé èmi lo wá rí fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Rárá o. Ó ti dì í mú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ilé ló ti wá rí àyè tú u sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí yín ni.

Ohun kejì tó ń da ilé rú ni pé tíìkì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ó lè le fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó rọlẹ̀ fún oṣù méjì, kó tún gba ibòmíràn yọ: ojú fi í sílẹ̀, èjìká gbà á. Ìgbà tó bá le jù la sì ń sáré kiri. Ohunkóhun tí a bá ṣe lásìkò yẹn, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ gbẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ fítámì olówó gọbọi, òun la ó yìn nígbà tó bá rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá padà dé, a ó ní ọ̀tá ti jí. Ẹ tètè sọ fún wọn pé yóò lọ, yóò sì padà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àìsùn ni mò ń bá jà: ọmọ tí wọ́n mú lọ sí ìṣọ́ òru, tíìkì rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì.

Ti "ó ń sín mi jẹ" yẹn, ẹ má fojú kéré e. Àwọn kan máa ń tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ sọ, tàbí kí ara wọn ṣe bí ara ẹlòmíràn ṣe ṣe. Ara tíìkì ni. Àmọ́ tí àgbàlagbà bá ń tiro kọjá, tí ọmọ náà sì tiro tẹ̀ lé e, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ìwọ̀sí? Tí irú rẹ̀ bá wà lára ọmọ yín, ẹ lọ kí bàbá náà nílé kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí ọmọ tẹ̀ lé yín, kí ẹ ṣàlàyé lórí ìdọ̀bálẹ̀. Bíbú èèyàn láìfẹ́, èyí tí fóònù fi ń gbé Tourette kiri, nǹkan bí ènìyàn 10 sí 15 nínú 100 àwọn tó ní i ló ń ṣe é. Tí kò bá sí lára ọmọ yín, ẹ má dárúkọ rẹ̀ lágboolé rárá, wọn yóò kàn máa dúró dè é ni.

Ọdún 9 nìyí, nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn. Tíìkì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 4 sí 6, ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọdún 10 sí 12, ó sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ó ṣeé ṣe kó le sí i kó tó rọ̀. Tó bá le sí i, kì í ṣe pé ẹ ṣe nǹkan kan bàjẹ́.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ilé. Ẹ jẹ́ kí n gba ti kíláàsì.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ ìwọlé, ariwo ọjọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ sọ̀rọ̀ pa pọ̀, kí ẹ mú ẹ̀dà ìwé dókítà dání pẹ̀lú ojú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ fúnra yín kọ. Olùkọ́ tó ní ọmọ 50 níwájú kò ní ka ojú ìwé mẹ́wàá. Ẹ kọ ohun tí yóò rí (ojú, orí, "hùn"), ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe (kó ṣe bí ẹni pé kò rí i, kó máa bá iṣẹ́ lọ), ohun tó ń mú un pọ̀ (pàṣán, ìdẹ́rùbà, pípe orúkọ ọmọ sókè), àti nọ́ńbà yín. Ó tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjókòó. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rere máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iwájú gan-an kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ ló burú jù, torí gbogbo kíláàsì wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú wọn wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dára, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ní ìlà kejì tàbí ìkẹta láti ẹ̀yìn. Orí ọmọ yín ń já sí ọ̀tún, kí ògiri wà lọ́tùn-ún rẹ̀, kí orí má máa já sí ojú ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Kí ó jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n apá kan, kó má baà gbá orí mọ́ ọn.

Kí ọmọ ní nǹkan kékeré kan lórí tábìlì, páálí pupa tàbí ìdérí ìgò. Tó bá yí i dojú dé, olùkọ́ mọ̀ pé ó ń jáde fún ìṣẹ́jú 5 lọ tú u sílẹ̀, kò ní nawọ́, kò ní tọrọ àyè. Ẹ jọ fi ibì kan sí i, abẹ́ igi máńgòrò tàbí ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Tí ẹ kò bá fi ibì kan pàtó sí i, yóò lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ariwo "hùn" náà yóò sì máa wọlé padà.

Kíkàwé sókè: kó ka tirẹ̀ fún olùkọ́ nìkan. Ìwé dídàkọ: ojú tó ń ṣẹ́ máa ń sọ ìlà nù, kó fi rúlà sábẹ́ ìlà, kí ìlà tí wọ́n fún un sì dín. Ìdánwò CEP, èyí tí wọ́n fi ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣì ku ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nípa yàrá ọ̀tọ̀ àti àfikún àkókò, kí ìwé dókítà wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò kọ́ ni à ń sáré irú ìyẹn.

Tí ọmọ àti òbí bá gbà, olùkọ́ lè ṣe eré kan fún kíláàsì tó ju ìwàásù lọ. Kí gbogbo wọn dàkọ ìlà mẹ́rin nínú ìwé kíkà. Nígbàkígbà tí olùkọ́ bá lu tábìlì, kí wọ́n gbé kálámù sókè, kí wọ́n sọ èjìká lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sọ pé "hùn", kí wọ́n tún padà síbi tí wọ́n dé. Kó lù ú láìtẹ̀lé ìdiwọ̀n: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra, kó dákẹ́, kó tún lù ú. Tó bá di ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ ti fò, lẹ́tà ti wọ́, àwọn kan ti ń bínú. Olùkọ́ á wá ní: "Ẹni tó ní tíìkì, inú rẹ̀ ni tábìlì tirẹ̀ wà." Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó sọ bóyá òun fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Alákàrà Wándó

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ṣé kò dáa kí a máa rán an létí ni? "Fi orí rẹ jẹ́ẹ́, fi orí rẹ jẹ́ẹ́." Ọmọ tí a kò bá kìlọ̀ fún, ṣé kò ní mọ́ ọn lára?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ìyá wa, ẹ wo yíyán. Tí ẹnìkan bá dárúkọ rẹ̀ níbi tí a jókòó sí, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Bí ẹ ṣe ń dárúkọ tíìkì lẹ ń pè é. Gbogbo ìránnilétí yẹn ń tì í jáde ni.

Ohun tí ọmọ lè kọ́ wà, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń fi í kọ́ni, ìjókòó 8 láàárín ọ̀sẹ̀ 10 ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ní Kùtọnú bóyá ẹnìkan wà tó ń ṣe é. Kókó rẹ̀ nìyí. Tíìkì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, èyí tó ń yọ ọmọ lẹ́nu jù, kì í ṣe èyí tó ń yọ ẹ̀yin lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má gbìyànjú láti dá nǹkan kan dúró. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́, lásìkò kan náà, kó kàn gbé ìka sókè nígbàkígbà tó bá mọ̀ pé ọrùn ti ń rin òun. Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní ohun tí ara kò lè ṣe pa pọ̀ mọ́ tíìkì náà. Fún orí tó ń já: kó jókòó tààrà, kó fa àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, kó mú iṣan ọrùn le díẹ̀, ojú níwájú, kó máa mí. Kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí títí rírìn náà yóò fi lọ. Fún "hùn": kó pa ẹnu dé, kó máa fi imú mí wọlé mí jáde jẹ́jẹ́, kí ikùn máa wú, kó máa fà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju mélòó kan lọ. Ọmọ á sé èémí dípò kó mí. Wọ́n á mú tíìkì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fún un ní ìṣe tó hàn síta ju tíìkì lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí òbí di ọlọ́pàá rẹ̀. Ẹ yìn ín pé ó lo ìṣe náà, ẹ má yìn ín pé tíìkì kò wá.

Bí dókítà kò ṣe kọ oògùn, kò ṣe nǹkan àṣìṣe. Èyí tó rọ̀, tí kò dí ọmọ lọ́wọ́, kì í gba oògùn. Oògùn ń dín in kù ni, kì í mú un kúrò. Ẹ má ra haloperidol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tíìkì, lórí àtẹ láéláé. Ó lè yí ọrùn ọmọ gbirigbiri, kó yí ojú sókè, kó mú àgbọ̀n le, àwọn ará ilé á ní ẹ̀mí àìrí ti gùn ún, wọ́n á gbé e lọ síbi àdúrà. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíá, abẹ́rẹ́ wà tí ń tú u. Tí wọ́n bá sì kọ clonidine, oògùn tíìkì mìíràn, ẹ má dá a dúró lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ròkè.

Ìgbà tí kì í ṣe Tourette ńkọ́? Tí ọmọ bá sọnù lọ, tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ tí kò gbọ́, tí kò sì rántí, ẹ lọ bi dókítà nípa wárápá. Èyí tí mò ń bẹ̀rù jù ni ti ọmọ tí ọ̀fun dùn, tí ibà mú ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ibì kan sí ibòmíràn láì ní àpẹẹrẹ kan, tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè yọ ahọ́n kó dá a dúró. Ẹ ní kó di ìka yín mú: ọwọ́ á máa le, á máa dẹ̀, bí ọwọ́ Fúlàní tó ń fún wàrà. Ẹ má dúró. Àìsàn yẹn ń ba ọkàn jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn wò, yóò sì máa gba pẹnisílìnì. Tíìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló ń tún ṣe.

Ọmọ Alákétu

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku kékeré kan: zémìjàn, alùpùpù akérò, ló ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ sọ fún onízémìjàn kí ọmọ tó gùn ún, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Orí tó já lójijì lẹ́yìn ẹni tó ń wa alùpùpù lè mú un bojú wẹ̀yìn. Kí àṣíborí má tóbi ju orí ọmọ lọ, èyí tó bá tóbi ń yí pẹ̀lú orí, ó sì ń fa ọrùn. Kó di irin ẹ̀yìn mú, kó má di aṣọ awakọ̀. Ẹni kan náà ni kó máa gbé e lójoojúmọ́ tó bá ṣeé ṣe. Kí ọmọ sì mọ gbólóhùn kan tí yóò fúnra rẹ̀ sọ fún ẹni tó bá ṣàjèjì sí i, kó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé: "Ara mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò ràn."