Ṣé omi odò lè jí Bayou Lafourche padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìsàlẹ̀ Bayou Lafourche ni mò ń gbé, odò kan tó ya láti ara odò Mississippi, ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1904, wọ́n fi dáàmù dí ẹnu rẹ̀ ní ìlú Donaldsonville, omi Mississippi ò ráyè wọlé mọ́. Láti 1955 ni ẹ̀rọ ti ń fa díẹ̀ sí i. Lánàá mo fọwọ́ kan igi cypress kan: èèpo rẹ̀ ṣí mọ́ mi lọ́wọ́, inú rẹ̀ gbẹ furúfurú. Ó dùn mí wọra. Bí wọ́n bá fi kún omi náà, ṣé á tún rúwé?

Èsì 1: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kú ti kú nù un. Ṣùgbọ́n omi odò á ti omi iyọ̀ tó ń wọlé tó ń pa igi padà sí òkun, àwọn tó ṣẹ́kù á rí ìsinmi.

Èsì 2: Omi nìkan kọ́ o. Ẹrẹ̀ tí odò ń gbé bọ̀ ló ń mú ilẹ̀ ga. Láìsí i, ilẹ̀ á máa rì ni. Tí ẹ bá gbin òmíràn, ẹ fi wáyà yí i ká. Nutria, ẹranko tó jọ òyà yẹn, kì í jẹ́ kí ọ̀mùnú dàgbà.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Màá kọ́kọ́ wọn iyọ̀ inú omi náà kí n tó gbin ohunkóhun.