Ìwé tí wọ́n kọ láti ara eré òfurufú: kí ló dé tí àyà mi kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Òǹkàwé Yaba:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo gbé wá síwájú yín, nítorí ó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ìparí ọ̀sẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti fẹ́ràn eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lé àwọn atukọ̀ òfurufú tí wọ́n ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Mi ò ní dárúkọ eré náà, kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bíi tèmi má baà rò pé òun ni mò ń bú. Ìwé ni mo bá ní ẹjọ́. Nígbà tí mo rí ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ láti ara eré náà láàárín àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n tẹ́ sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì ní Yaba, inú mi dùn débi pé n kò ná an kí n tó sanwó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á nínú danfó, láàárọ̀ tí mo bá ń lọ sí Obáléndé àti nírọ̀lẹ́ tí mo bá ń bọ̀, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Third Mainland máa ń fún èèyàn láyè láti ka orí kan tàbí méjì tán.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ọkọ̀ àwọn akọni wa gúnlẹ̀ sí ibùdó kan lójú òfurufú, wọ́n wọlé, wọn kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì, ṣíbí sì wà nínú àwo. Ta ni kò ní fẹ́ mọ ibi tí àwọn onílé lọ? Ṣùgbọ́n kí orí kejì tó parí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: àrùn kan ni wọ́n sá fún, ayé tó wà nítòsí ni wọ́n sá lọ, ara gbogbo wọn sì le. Láti ibẹ̀ lọ, n kò rí ìbéèrè kan mọ́ tí mo fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku nǹkan bí igba ojú ìwé.

Èyí tó dùn mí jù wà ní ojú ìwé 112. Ẹnjiníà ọkọ̀ náà, obìnrin tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, há sínú yàrá ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ tó ń mí sì ń jò jáde díẹ̀díẹ̀. Mo gbé ara mi jókòó dáadáa. Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo bá a pé ọ̀gá ọkọ̀ ti rántí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn náà, ó ti tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣí, obìnrin náà sì ti ń dúpẹ́. Mo padà lọ ka ìlà ibẹ̀: mọ́kànlá ni. Kò sí ẹni tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ní ojú ìwé 115, wọ́n ti ń mu kọfí.

N kò fẹ́ sọ pé òǹkọ̀wé náà kò mọ nǹkan kan. Èdè rẹ̀ mọ́, ó sì mọ eré náà látòkèdélẹ̀. Ó rántí àpá tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé bí ìwé tí wọ́n ń kọ láti ara eré àti fíìmù ṣe máa ń rí nìyí, nítorí pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn akọni kò lè kú? Tàbí ọwọ́ òǹkọ̀wé yìí ni ẹ̀bi wà?

Akọ̀wé Èbúté Mẹ́ta:

Òǹkàwé Yaba, mo bá yín kẹ́dùn. Lójú tèmi, irú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Ẹni tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ni àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni eré ló ni wọ́n. Wọn á kọ́kọ́ yẹ ìlapa ìtàn tó fẹ́ kọ wò kí wọ́n tó fún un láṣẹ, wọn á tún yẹ ìwé náà wò nígbà tó bá parí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọjọ́ tí wọ́n sì dá fún un kì í pọ̀. Kò lè pa ọ̀gá ọkọ̀, kò lè gé e lápá, kò lè fẹ́ ìyàwó fún un, nítorí bí eré bá ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yá aṣọ lọ sóde ni irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀: bó ti wù kí ìlù dùn tó, kò ní jó débi tí aṣọ aláṣọ fi máa ya.

Ẹ wo Alan Dean Foster. Òun ló kọ ìwé ìtàn fíìmù òfurufú Star Wars tó jáde ní 1976, kí fíìmù náà tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ George Lucas, ẹni tó ṣe fíìmù náà, ló wà lára ìwé náà. Èyí tó kọ tẹ̀lé e jáde ní 1978, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ni pé kó jẹ́ ìtàn tí wọ́n lè fi owó kékeré sọ di fíìmù, bí fíìmù àkọ́kọ́ kò bá pa owó tó. Ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fi ṣẹlẹ̀ nínú ayé kan tí kùrukùru bò mọ́lẹ̀ ṣíbáṣíbá, tí Han Solo, ọ̀kan lára àwọn akọni fíìmù àkọ́kọ́, kò sì sí níbẹ̀ rárá, torí pé Harrison Ford, òṣèré tó ṣe é, kò tíì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fún fíìmù mìíràn. Owó ló pinnu bí ojú ọjọ́ ṣe rí nínú ìtàn, àdéhùn òṣèré ló sì pinnu ẹni tó máa bá wọn rìn. Òǹkọ̀wé tí wọ́n dè báyìí, níbo ni ó ti fẹ́ rí ààyè gbé ọkàn òǹkàwé sókè?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè:

Akọ̀wé, àbúrò mi, òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ nípa ìdè yẹn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ló ba ìwé yìí jẹ́. Bó bá jẹ́ pé mímọ̀ tí a mọ òpin ìtàn ló ń pa á, kí ni bàbá àwọn ọmọ mi ń wá níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Brazil jáde, ti ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996? Ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà mọ̀ pé 4 sí 3 la fi borí. Síbẹ̀, bí Brazil bá ti wà ní 3 sí 1, tí Okocha sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti gbá pẹnáritì, ọkọ mi á dìde dúró, á gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Bọ́ọ̀lù náà kò ní wọlé, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe wọlé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, á sì rọra jókòó bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹ̀bà á tutù níwájú rẹ̀ títí Kanu á fi gbá èyí tó sọ ọ́ di ọ̀mì wọlé ní ìṣẹ́jú 90. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé a máa borí. Ohun tó ń gbé ọkàn rẹ̀ sókè ni bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó kí ó tó dára, àti bí àkókò tó kù ṣe kéré tó.

Ti ìwé tí wọ́n kọ láti ara fíìmù ńkọ́? Ní 1966, wọ́n gbé ìtàn fíìmù Fantastic Voyage fún Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì, pé kó sọ ọ́ di ìwé. Ìtàn náà ni pé wọ́n sọ ọkọ̀ abẹ́ omi kan àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ di kékeré tó ohun tí ojú kò lè rí, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún wọn wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan, kí wọ́n lè lọ tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 60 péré ni wọ́n ní. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi padà nínú ara ọkùnrin náà. Asimov kọ́ ló ni ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí wọ́n jẹ́ kí òun tún àwọn ibi tó ta ko ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì ṣe. Nínú fíìmù, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń bá àrùn jà nínú ara, gbé ọkọ̀ náà mì, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sá jáde, wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ tí wọ́n gbé mì kò ní tóbi padà. Nínú ìwé, Asimov mú kí wọ́n tan sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀lé wọn títí tí òun àti ọkọ̀ tó gbé mì fi jáde. Ẹ ronú sí i: sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ tún ṣe, ṣùgbọ́n ó tipa bẹ́ẹ̀ dá ẹrù kún ẹrù fún wọn ní ìṣẹ́jú tí àyè kò sí fún un mọ́, tí ó fi jẹ́ pé ohun tó ń lé wọn pa gan-an ni wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣìnà. Ìwé náà tilẹ̀ jáde ṣáájú fíìmù, tí àwọn èèyàn fi rò pé inú ìwé ni wọ́n ti mú fíìmù jáde.

Nítorí náà, Òǹkàwé Yaba, n kò ní bi ọ́ bóyá ẹnjiníà náà lè kú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni ọ̀gá ọkọ̀ pàdánù kí ó tó rí i yọ?

Ará Múṣin:

Èmi náà ka ìwé yìí, mo mọ̀ ọ́n láti ara ọ̀rọ̀ ṣíbí inú àwo yẹn. Orí kẹfà ni mo ti fi í sílẹ̀. Ìpàdé ló sú mi. Bí nǹkan kan bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, wọn á pe ara wọn jókòó, wọn á sì máa sọ fún ara wọn ohun tí èmi òǹkàwé ti kà ní ojú ìwé tó ṣáájú. Ìpàdé mẹ́rin ni mo kà láàárín orí márùn-ún.

Òǹkàwé Yaba:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá Ìbejì. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni pé ọ̀gá ọkọ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Òótọ́ ni Ará Múṣin sọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn kọfí ojú ìwé 115 yẹn, ìpàdé ni wọ́n wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ohun kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń ka ibi tí ẹnjiníà há sí yẹn gan-an, kọ̀ńdọ́ so èmi àti ìyá àgbàlagbà kan pọ̀, ó fún ìyá náà ní ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó ní kí a lọ pín in ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Obáléndé ni mò ń lọ. Adékúnlé ni ìyá náà ti máa bọ́ọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó gun afárá. A bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò ní sẹ́ńjì. A bi àwọn tó wà lẹ́yìn, wọn kò dáhùn. Mo ti ìwé náà dé, mo fi ìka sí i láàárín. Ìyá náà ti ń kó báàgì rẹ̀ jọ, ó fi àtàǹpàkò di owó náà mú mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò mí, èmi náà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dẹwọ́ eré, ó na orí sóde, ó pe ọmọbìnrin kan tó ru omi inú ọ̀rá, ọmọ náà sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ danfó, ó fi ọwọ́ kan di abọ́ orí rẹ̀ mú, ó ń fi eyín fa owó yọ nínú ìdì tó wà lọ́wọ́ kejì. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mi bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń lu ara ọkọ̀ pé ká máa lọ.

Kò sí ẹni tó máa kú níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, a sì mọ bó ṣe máa ń parí. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì nílò owó kan ṣoṣo náà, ibùdókọ̀ ń sún mọ́lé, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè rántí kó tẹ̀. Afárá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó rántí pé ẹnjiníà ṣì wà nínú yàrá ẹ̀rọ.

Akọ̀wé Èbúté Mẹ́ta:

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa ní kí ọ̀gá ọkọ̀ má gbàgbé nọ́ńbà, tàbí kó má fi epo tí wọ́n máa fi padà sílé ṣòfò nítorí àtiyọ obìnrin náà, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti rí epo mìíràn kí ìwé tó parí. Àyè yẹn wà, kò sì lò ó. Ṣùgbọ́n n kò tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń dá fún wọn. Bí mo ṣe ń gbọ́ nípa ìlà mọ́kànlá yẹn, ó ń ṣe mí bí i pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé nǹkan kù níbẹ̀, tí ọjọ́ sì ti lé e bá.

Òǹkàwé Yaba, bí ìwé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi. Mo máa wà ní Ọ̀yìngbò ní òwúrọ̀ Sátidé, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi ka ojú ìwé 112 sí 115.