Píkọ́ọ̀pù onítaya mẹ́fà tí kì í rìn tààrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Òṣogbo ni mo wà. Píkọ́ọ̀pù ńlá ará Amẹ́ríkà ni mo fi ń kó sìmẹ́ńtì, irú èyí tí taya ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, tí ọ̀pá irin kan ṣoṣo sì so taya iwájú pọ̀. Nínú ìgboro, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ́nà Gbọ̀ngán, tí eré bá ti kọjá 80, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ọ̀mùtí. Kì í gbọ̀n o, yíyà lásán ni. Bí ẹrù bá wúwo, tàbí tí mo bá kó sójú ibi tí tírélà ti tẹ̀ wọlẹ̀, ó tún burú sí i.

A ti pààrọ̀ tie rod end (oríkèé ọ̀pá tó ń yí taya iwájú). Mẹkáníìkì mi ní steering box (àpótí jíà tó ń gba yíyí ọwọ́ sítíárìn lọ sí taya) ló ti jẹ, kí n ra tòkunbọ̀ (owó gọbọi!). Ẹlòmíràn ní track bar (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí irin iwájú yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ni. Èmi ń fura sí caster (bí ibi tí taya iwájú ti ń yí ṣe dagun sẹ́yìn tàbí síwájú), torí toe (bí taya iwájú ṣe kọjú sínú tàbí síta) nìkan ni ẹni tó ṣe aláìnmẹ́ǹtì fọwọ́ kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dá èyí tó jẹ gan-an mọ̀ kí n tó náwó? Ta ló sì ń tún caster ṣe dáadáa ní agbègbè wa níbí?