Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kápúsù stem cell lè tún ọkàn ìyá wa ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkòròdú ni mo wà. Heart attack ṣe ìyá wa lọ́dún tó kọjá. Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n apá kan ọkàn wọn ti kú. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹnì kan wá ń polówó kápúsù stem cell (ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara) fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹran ọkàn tuntun á hù. Mi ò rí nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń wá owó kiri!

Ohun tí mo kà ló ń bà mí lẹ́rù. Kódà sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún sínú ọkàn gan-an, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ integrin wà lára sẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń di ẹran ara tó yí i ká mú, bí ìdákọ̀ró ṣe ń di ọkọ̀ ojú omi mú. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí kò bá rí nǹkan dì mú, ṣe ló sábà máa ń pa ara rẹ̀. Báwo wá ni èyí tí a gbé mì ṣe fẹ́ gba inú ikùn dé ọkàn láàyè?

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ṣé òye mi tọ̀nà? Ìtọ́jú wo ló wà ní Èkó fún irú ọkàn báyìí? Báwo ni màá sì ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí kò fi ní rò pé mi ò fẹ́ kí ara ìyá wa yá?