“Gáàsì ń jò”, àbí “gáàsì ń jò jáde”? Lórí ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún àtúnṣe ọkọ̀ tó ń lo gáàsì olómi

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa,

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe kọ ọ́, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn mẹkáníìkì, pé gáàsì ń jáde níbi tí kò yẹ kó gbà jáde nínú ọkọ̀ tó ń lo gáàsì olómi (LPG, irú gáàsì tí a fi ń dáná nílé), àti bí a ó ṣe sọ pé kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ẹnìkan dábàá “títún gáàsì jíjò ṣe”, ẹlòmíràn sì dábàá “dídí ojú gáàsì”. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ tó la ẹ̀mí lọ ni.

Kò sí àríyànjiyàn pé “jò” ni ọ̀rọ̀ wa. Ilé ń jò, igbá ń jò, táyà náà ń jò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú táyà. Àmì ohùn ni ìṣòro. Ohùn kan ṣoṣo ló ya “gáàsì ń jò” sọ́tọ̀ kúrò lára “gáàsì ń jó”, bẹ́ẹ̀ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí èkejì bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí gáàsì ń jò nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáná, kò gbọdọ̀ tan gílóòbù, kò sì gbọdọ̀ gbìyànjú láti gbé ọkọ̀ náà. Ẹni tí tirẹ̀ ń jó, apaná ló ń wá. Ta ló ń fi àmì ohùn sí ohun tó kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tàbí tó fi ránṣẹ́ lórí fóònù? “Gaasi n jo” ni gbogbo wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a máa so “jáde” mọ́ ọn: “gáàsì ń jò jáde”. Iná kì í jó jáde lẹ́nu Yorùbá, nítorí náà, bí àmì tilẹ̀ bọ́ sọnù, ìtumọ̀ kò ní sọnù. “Ìjòjáde gáàsì” ni ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀.

Àbá tún wà pé kí a lo “fò lọ”. Ìyẹn léwu. Gáàsì olómi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Lítà kan rẹ̀ tó bá jáde kúrò nínú táǹkì a máa di nǹkan bí 250 lítà, ilẹ̀ ló sì ń wá lọ, títí kan kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Gáàsì àfúnpọ̀ (CNG), èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Nàìjíríà yí ọkọ̀ wọn sí lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde ní 29 May 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, ló fúyẹ́ tó ń gòkè. “Gáàsì” lásán ni a ń pe méjèèjì, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ti “dí”, ilé onípáànù tó ń jò ni a lè fi ọ̀dà dí. Ẹ wo ibi tí páìpù bàbà ti wọ inú ẹ̀rọ tó ń sọ gáàsì olómi di atẹ́gùn: mẹkáníìkì á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun omi ọṣẹ sórí nọ́ọ̀tì, bí ó bá sì ń jò jáde, ọṣẹ á máa wú kéékèèké bí ẹyin ẹja. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Yóò ti fáàfù táǹkì, yóò jẹ́ kí gáàsì tó kù nínú páìpù tán ní gbangba, yóò tú nọ́ọ̀tì náà, yóò sì pààrọ̀ òrùka bàbà tó wà nínú rẹ̀ bí ó bá ti bàjẹ́. Bí ó bá kàn fi agbára fún nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀, òrùka yẹn lè fọ́, kí ìjòjáde náà sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ka “dídí” kò ní rò débẹ̀. “Títún gáàsì jíjò ṣe” náà kò tọ̀nà, torí gáàsì kọ́ ló bàjẹ́.

“Wíwá ojú ìjòjáde gáàsì àti àtúnṣe rẹ̀” ni mo dábàá fún àkọlé. Mo fi “wíwá” síwájú nítorí pé nídìí wíwá yẹn gan-an ni àwọn kan ti ń ṣáná láti mọ ibi tó ń jò. Ẹ̀rọ tó ń sọ olómi di atẹ́gùn ló kù tí kò tíì ní orúkọ. “Asọmidatẹ́gùn” ni mo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gùn fún ẹni tí yóò máa pè é lójoojúmọ́ nídìí iṣẹ́, mo sì bẹ ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó gbé e wá.